Ọba Kòsọ́kọ́, ìlú Ẹ̀pẹ́, àti ẹgbẹ̀rún kan dọ́là fàdákà

Ní ọjọ́ 28, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1854, ìlú Ẹ̀pẹ́ gba àlejò. Benjamin Campbell, kọ́ńsù ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, fẹ́ bá ọba kan tí kò sí lórí ìtẹ́ mọ́ ṣe àdéhùn. Ọba náà ni Kòsọ́kọ́, ọmọ Òṣìnlókun, ọmọ ọmọ Ológun Kútẹ̀rẹ̀, ẹni tí àwọn òyìnbó fi ìbọn àgbá lé kúrò ní Èkó ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ náà. Nígbà tí àpérò náà fi parí, Kòsọ́kọ́ ti gbà pé òun kò ní í du Èkó mọ́, pé òun kò sì ní í ta ẹrú mọ́. Àwọn òyìnbó náà ti gbà pé Palma àti Lẹ́kí, èbúté méjì tó wà ní apá ìlà-oòrùn Èkó, yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún òwò, àti pé àwọn yóò máa san owó kan fún un lọ́dọọdún títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé.

Owó yìí ni àwọn tó ń sọ ìtàn Èkó sábà máa ń fò kọjá. Ohun tó wà nínú ìwé àdéhùn ni pé wọn yóò máa fún Kòsọ́kọ́ ní ẹgbàá owó ẹyọ lọ́nà 2,000 lọ́dún, tàbí kí wọ́n fún un ní ẹgbẹ̀rún kan dọ́là, èyí tó bá wù ú nínú méjèèjì. Ẹni tó bá ka gbólóhùn náà kíákíá yóò rò pé ohun kan náà ni méjèèjì. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí owó ẹyọ àti fàdákà fi bẹ̀rẹ̀ sí í pínyà, ọba tó ti wà nínú òwò láti ìgbà èwe rẹ̀ kò sì lè ṣàìmọ ìyàtọ̀ owó tí à ń kà àti owó tí à ń wọ̀n.

Orúkọ àbíkú ni Kòsọ́kọ́. Kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́lẹ̀ sin ọmọ náà mọ́, nítorí náà kí ó dúró. Ó dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdúró rẹ̀ kò rọrùn fún Èkó. Òṣìnlókun bàbá rẹ̀ ti jọba, Ìdéwù Òjùlàrí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà jọba lẹ́yìn bàbá wọn, ó sì dá Kòsọ́kọ́ lójú pé bópẹ́bóyá, adé yóò kan òun. Elétù Òdìbò ló di í lọ́nà. Ìjòyè ńlá ni Elétù, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú fífi ọba jẹ, ọ̀tá Kòsọ́kọ́ sì ni. Ohun tí àwọn ará Èkó ń sọ láti ìran dé ìran ni pé obìnrin ló dá ìjà sílẹ̀: Kòsọ́kọ́ gba obìnrin tí wọ́n ti bá Elétù fẹ́ sọ́nà. Nígbà tí Ìdéwù kú, Adélé ni wọ́n pè padà. Nígbà tí Adélé náà papò dà, Olúwọlé ọmọ rẹ̀ ni wọ́n fi jẹ. Wọ́n fo Kòsọ́kọ́.

Àbùkù náà kò tán síbẹ̀. Nígbà ayé Olúwọlé, wọ́n fi ẹ̀sùn àjẹ́ kan Ọpọ́ Olú, arábìnrin Kòsọ́kọ́, obìnrin ọlọ́rọ̀ tó ní ẹrú rẹpẹtẹ. Wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, wọn kò rí ẹ̀bi lọ́wọ́ rẹ̀, síbẹ̀ wọ́n lé e kúrò nílùú. Èyí ló mú kí Kòsọ́kọ́ dìde ogun, ogun tí wọ́n ń pè ní Ogun Ewé Kókò. Kò borí. Ó sá gba ọ̀nà ìwọ̀-oòrùn lọ, ó sì fìdí kalẹ̀ sí Ouidah, ní ilẹ̀ Dàhòmì.

Ibẹ̀ gan-an ni ìtàn dọ́là ti bẹ̀rẹ̀. Ouidah jẹ́ ọ̀kan lára àwọn èbúté tí wọ́n ti ń kó ẹrú jù lọ ní gbogbo etíkun wa. Àwọn ará Brazil ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń rà, José Domingo Martinez sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olówó wọn tí orúkọ rẹ̀ kò farasin. Tábà, ọtí, aṣọ, ìbọn, owó ẹyọ àti fàdákà ni wọ́n fi ń ra èèyàn. Ọ̀pọ̀ nínú ọkọ̀ tó ń kó ẹrú lọ sí Brazil ní àwọn ọdún náà, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kàn án, àsíá Amẹ́ríkà ni àwọn mìíràn sì ń ta kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì má baà yẹ inú wọn wò. Àwọn oníṣòwò Amẹ́ríkà mìíràn tún wà, àwọn ará Salem ní Massachusetts, tí wọ́n ń gbé tábà àti ọtí wá sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti fi ra epo, awọ ẹran àti eyín erin. Láàrin gbogbo èrò yìí tí èdè wọn kò papọ̀, dọ́là ni gbogbo wọn fi ń gbọ́ ara wọn yé.

Dọ́là tí à ń wí yìí kì í ṣe owó bébà tí wọ́n ń ṣẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà lóde òní. Fàdákà ni, ó fẹ̀, ó nípọn, ìwọ̀n rẹ̀ sì tó gíráàmù 27. Àwọn ará Sípéènì ló kọ́kọ́ fi kún ayé, láti inú fàdákà tí wọ́n ń wà ní Mẹ́síkò àti Pérú. Nígbà tí Mẹ́síkò gba òmìnira ní 1821, òun náà ń rọ tirẹ̀ lọ ní ìwọ̀n kan náà, nítorí pé ayé ti mọ ìwọ̀n náà. Amẹ́ríkà ńkọ́? Nígbà tí wọ́n fẹ́ ní owó tiwọn, dọ́là àwọn ará Sípéènì ni wọ́n gbé sórí òṣùwọ̀n, wọ́n sì ṣe tiwọn kí ó sún mọ́ ọn. Ọdún 1794 ni àkọ́kọ́ jáde. Láti 1837, ìwọ̀n rẹ̀ dúró sí gíráàmù 26.73, ìdá 90 nínú 100 rẹ̀ sì jẹ́ fàdákà pọ́ńbélé. Láti 1840 títí di 1873, obìnrin tó jókòó ni wọ́n ya sí ojú rẹ̀, ó di ọ̀pá mú, asà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹyẹ idì sì wà ní ẹ̀yìn owó náà. Christian Gobrecht ló gbẹ́ àwòrán náà. Síbẹ̀, títí di 1857 ni dọ́là Sípéènì àti ti Mẹ́síkò fi jẹ́ owó tí òfin gbà nínú Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀. Tí ìwé kan bá kọ dọ́là ní 1854, nígbà náà, orílẹ̀-èdè kọ́ ló ń tọ́ka sí. Ìwọ̀n fàdákà kan ló ń tọ́ka sí, kò sì sí ẹni tó bìkítà bóyá obìnrin ló wà lójú rẹ̀ tàbí ẹyẹ.

Oníṣòwò tó gba irú owó bẹ́ẹ̀ kì í kàn án jù sápò. Yóò sọ ọ́ mọ́ òkúta kí ó gbọ́ bó ṣe ń dún, nítorí pé fàdákà gidi máa ń han gooro, òjé a sì dún bọ́tọ́. Yóò wo etí rẹ̀ bóyá ẹnìkan ti fi ayùn họ ọ́. Yóò wọ̀n ọ́n.

Ní 1841, àrá sán lu ààfin Èkó, etù ìbọn tó wà níbẹ̀ gbaná, Olúwọlé ọba sì bá a lọ. Akítóyè, àbúrò bàbá Kòsọ́kọ́, ni wọ́n fi jọba. Onínúure èèyàn ni Akítóyè, inúure rẹ̀ ló sì kó bá a. Ó ní kí wọ́n pe ọmọ ẹ̀gbọ́n òun padà wálé. Elétù Òdìbò kìlọ̀ fún un títí, kò gbọ́. Ọkọ̀ Domingo Martinez ló gbé Kòsọ́kọ́ dé, Akítóyè sì fi í jẹ Ọlọ́jà Èrékò. Ọkùnrin tó padà yìí kì í ṣe ẹni tó sá lọ mọ́. Ó ti mọ àwọn ará Brazil, wọ́n mọ òun náà, ó sì mọ iye tí wọ́n lè ná lé ọba tó bá jẹ́ tiwọn.

Ní oṣù Keje, 1845, ogun bẹ́. Ogun Olómiró ni Èkó ń pè é, ogun olómi iyọ̀, nítorí bí wọ́n ṣe ká ààfin mọ́ débi pé omi iyọ̀ ni àwọn tó wà nínú rẹ̀ ń mu. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi jà. Ọwọ́ Kòsọ́kọ́ tẹ Elétù, ó sì fi ikú oró pa á. Akítóyè gba ojú omi Àgbòyí sá lọ. Ọ̀ṣọ́dì Tápà, ẹrú tí ọgbọ́n àti ìgboyà ti sọ di balógun, ló wà nídìí ogun fún Kòsọ́kọ́, òun náà sì ni ìtàn sọ pé ó mójú kúrò kí Akítóyè tó rọ́nà lọ. Akítóyè dé Abẹ́òkúta, ó sì ti ibẹ̀ bọ́ sí Bàdágìrì, níbi tó ti di ọ̀rẹ́ àwọn míṣọ́nárì àti àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì.

Ọdún mẹ́fà ni Kòsọ́kọ́ fi jọba, òwò ẹrú sì gbèrú ní Èkó ní ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Kò yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ dídùn bo èyí mọ́lẹ̀. Ogun ń jà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, àwọn tí wọ́n ń mú lójú ogun ń ṣàn wá sí etí òkun, ọba sì ń jẹ èrè rẹ̀. Fàdákà tó ń wọlé sí Èkó nígbà náà, omijé wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó fẹ́ sọ Akítóyè di ẹni mímọ́ kí wọ́n lè sọ Kòsọ́kọ́ di èṣù, wọ́n ń tan ara wọn jẹ ni. Akítóyè náà ti jọba lórí òwò kan náà. Ìgbà tó sọ ìtẹ́ nù, tó rí i pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló lè gbé òun padà, ló ṣèlérí pé òwò ẹrú yóò dópin.

Ní oṣù Kọkànlá, 1851, John Beecroft tó jẹ́ kọ́ńsù wá bá Kòsọ́kọ́, ó ní kí ó fọwọ́ sí ìwé pé òun kò ní í ta ẹrú mọ́. Kòsọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ pẹ̀lú ọgbọ́n: ó ní abẹ́ Ọba Bìní ni Èkó wà, ọ̀dọ̀ Ọba Bìní ni kí wọ́n lọ. Ní ọjọ́ 25 oṣù náà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbìyànjú láti wọ ìlú tipátipá, ìbọn àwọn ará Èkó sì dá wọn padà. Wọ́n tún padà wá lẹ́yìn Kérésìmesì. Ọkọ̀ ogun Bloodhound àti Teazer wà lára àwọn tó wọ ọ̀sà, àgbá sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá. Ìró àgbá náà ni Èkó fi sọ ogun náà ní Àgídìngbì. Èkó jà, ó jà gidi, ṣùgbọ́n iná mú ilé, ó sì mú etù. Kí ọjọ́ 28 tó ṣú, Kòsọ́kọ́ àti àwọn èèyàn rẹ̀ ti wọ ọkọ̀ lọ sí ọ̀nà ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ní ọjọ́ kìíní, oṣù Kìíní, 1852, Akítóyè fọwọ́ sí ìwé tí Kòsọ́kọ́ kò fọwọ́ sí.

Nǹkan mìíràn ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn ní ọdún kan náà, bí ẹni pé ayé ń pa owe fún Èkó. Wọ́n ti rí wúrà rẹpẹtẹ ní California láti 1848, wúrà pọ̀ débi pé fàdákà di ọ̀wọ́n sí i. Fàdákà tó wà nínú dọ́là Amẹ́ríkà kan wá níye lórí ju dọ́là kan lọ, àwọn èèyàn sì ń kó o lọ sí òkè òkun tàbí kí wọ́n yọ́ ọ. Nítorí èyí, 1,300 péré ni dọ́là fàdákà tí ilé iṣẹ́ owó Amẹ́ríkà rọ ní 1851, ó sì jẹ́ 1,100 ní 1852. Ní 1853, wọ́n ṣòfin tó dín ìwọ̀n ààbọ̀ dọ́là àti àwọn owó kéékèèké kù, wọ́n sì fi ọfà kékeré sí ẹ̀gbẹ́ ọdún tó wà lára wọn kí ojú lè dá wọn mọ̀. Dọ́là gangan ni wọn kò fọwọ́ kàn. Lónìí, àwọn tó ń ṣa owó àtijọ́ jọ kò kọ iye kí wọ́n tó rí ti 1851 tàbí 1852 tí ó jẹ́ ojúlówó rà. Wọn yóò wo ọdún rẹ̀, wọn yóò wo bóyá lẹ́tà wà lábẹ́ idì tó ń sọ ìlú tí wọ́n ti rọ ọ́, bí O fún New Orleans, wọn yóò sì wo bí ọwọ́ ayé ṣe jẹ ẹ́ tó. Ẹni tó bá hú irú owó bẹ́ẹ̀ nínú ìkòkò àwọn baba ńlá rẹ̀, tó wá fi yanrìn àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ kí ó lè máa dán, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ iye rẹ̀ dànù. Èyí tó tún máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé ọjọ́ orí nìkan kò sọ owó di ọ̀wọ́n. Dọ́là tó dàgbà jù lè máà tó èyí tó kéré sí i ní iye, bí ti àgbà bá pọ̀ nílẹ̀.

Àwùjalẹ̀ gbà Kòsọ́kọ́ sí Ẹ̀pẹ́. Ibùdó náà dára fún ẹni tí kò tíì gba kámú. Ní oṣù Kẹjọ, 1853, ó kógun bá Èkó, ó kù díẹ̀ kí ìlú bọ́ sí i lọ́wọ́ kí àwọn ọkọ̀ ogun òyìnbó tó tún lé e padà. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni Akítóyè kú, wọ́n sì fi Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ jọba. Láti ìgbà yìí ni Kòsọ́kọ́ ti rí i pé ọ̀nà mìíràn wà tí èèyàn lè gbà fún Èkó lọ́rùn, òwò sì ni.

Ẹni tó bá wo àwòrán ilẹ̀ yóò mọ ìdí rẹ̀. Láti Ẹ̀pẹ́, ọ̀sà ń lọ sí ìlà-oòrùn, ó kọjá Lẹ́kí, ó dé Àtíjẹ́rẹ́, ó sì bá omi tó ń ti ilẹ̀ Ìlàjẹ àti ilẹ̀ Ìkálẹ̀ bọ̀ pàdé. Odò Olúwà tó ń ṣàn lẹ́bàá Òkìtìpupa wà nínú omi náà. Ilẹ̀ ọ̀pẹ ni ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n sì lè gbé epo láti ìhín dé etí òkun láìfi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Àwọn oníṣòwò òyìnbó tí kò fẹ́ wàhálà Èkó ń bọ̀ wá sí Palma. Epo tó bá gba Palma jáde, Dòsùnmú kò rí owó orí rẹ̀ gbà, Campbell náà kò sì rí i bójú tó. Ìdí nìyí tí kọ́ńsù fi gbà láti bá ọ̀tá rẹ̀ jókòó. Ìfẹ́ kọ́ ló gbé e dé Ẹ̀pẹ́.

Ó wá kù sí ìṣirò. Yorùbá kì í fi owó ẹyọ ṣeré: ogójì ni wọ́n ń sín pọ̀, àádọ́ta irú rẹ̀ jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan. Ẹgbàá lọ́nà 2,000 jẹ́ 200 ọ̀kẹ́, ìyẹn mílíọ̀nù mẹ́rin owó ẹyọ. Tí mílíọ̀nù mẹ́rin bá dọ́gba pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún kan dọ́là, a jẹ́ pé ẹgbàajì, 4,000, ni dọ́là kan lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe àdéhùn. Ṣílè mẹ́rin àti kọ́bọ̀ méjì ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì máa ń ka dọ́là sí ní etíkun wa, nígbà tí kọ́bọ̀ 12 ń wọ ṣílè, tí ṣílè 20 ń wọ pọ́n-ùn. Ẹgbẹ̀rún kan dọ́là yóò jẹ́ pọ́n-ùn 208 àti díẹ̀ lé.

Ọ̀rọ̀ ẹrù tún wà níbẹ̀. Ọ̀kẹ́ owó ẹyọ kan tó ẹrù fún alágbàárù kan. Ẹni tó bá fẹ́ gba owó Kòsọ́kọ́ ní owó ẹyọ, igba alágbàárù ni kí ó wá. Bó bá jẹ́ fàdákà ni, ẹgbẹ̀rún kan dọ́là kò ju kílò 27 lọ: ọkùnrin kan péré á gbé e sórí, á sì máa sọ̀rọ̀ lọ. Fún ọba tó ti sáré wọ ọkọ̀ ní òru lẹ́ẹ̀mejì nínú ayé rẹ̀, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ṣùgbọ́n ohun tó tóbi jù ni èyí tó ń bọ̀ lójú omi. Láti ọdún gbọ́nhan ni owó ẹyọ wa ti ń ti erékùṣù Maldives wá. Ní àkókò tí à ń wí yìí, àwọn oníṣòwò Jámánì láti Hamburg, bí ilé O'Swald, àti Régis ará Marseille ní Faransé, rí i pé etíkun Zanzibar kún fún irú ẹyọ kan tó tóbi ju ti Maldives lọ, tí owó pọ́ọ́kú sì lè rà á. Wọ́n fi ọkọ̀ kó o wá sí Ouidah, sí Èkó àti sí Palma, wọ́n fi ń ra epo. Yorùbá ń ka owó ẹyọ ni, wọn kì í wọ̀n ọ́n, nítorí náà èyí ńlá àti èyí kékeré di ọ̀kan. Ọdọọdún ni ẹyọ ń pọ̀ sí i lọ́jà, ọdọọdún ni iye rẹ̀ sì ń wálẹ̀. Obìnrin tó ta epo ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, tó fi èrè rẹ̀ sínú ìkòkò dè ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, yóò kà á, kò ní í dín, ṣùgbọ́n kò ní í rà ohun tó rà tẹ́lẹ̀.

Ìwé ìjọba fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Ní ọjọ́ 6, oṣù Kẹjọ, 1861, nígbà tí ọkọ̀ ogun Prometheus kọjú àgbá sí Èkó, tí wọ́n fi gba ìlú lọ́wọ́ Dòsùnmú, owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n bù fún un lọ́dún jẹ́ 1,200 ọ̀kẹ́ owó ẹyọ, èyí tí wọ́n ṣírò sí pọ́n-ùn 1,030. Ẹni tó bá pín in yóò rí i pé ọ̀kẹ́ kan ti di ṣílè 17 àti kọ́bọ̀ méjì. Ní ìdíwọ̀n yìí, 200 ọ̀kẹ́ ti Kòsọ́kọ́ kò ju pọ́n-ùn 172 lọ mọ́, nígbà tí ẹgbẹ̀rún dọ́là ṣì dúró sí 208. Ọdún méje péré ló fa ìyàtọ̀ yìí. Ṣáájú òpin ọ̀rúndún náà, sísì kan ló wá dọ́gba pẹ̀lú ẹgbàá, ọ̀kẹ́ kan di ṣílè márùn-ún, 200 ọ̀kẹ́ ì bá sì jẹ́ àádọ́ta pọ́n-ùn. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ tàbí sínú ìwé Ẹ̀pẹ́ ṣe ọba náà lóore, bóyá ó mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Nígbà tí Èkó ti di ti òyìnbó, kò sí ìdí fún wọn mọ́ láti máa bẹ̀rù Kòsọ́kọ́ lórí ọ̀rọ̀ ìtẹ́. Palma àti Lẹ́kí ni wọ́n ń fẹ́ nísinsìnyí. Ní 1862, nígbà tí Freeman jẹ́ gómìnà, wọ́n jẹ́ kí ó padà sí Èkó lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá, ó sì padà pẹ̀lú ọ̀pọ̀ èèyàn rẹ̀. Àwọn tó tẹ̀ lé Ọ̀ṣọ́dì Tápà ló tẹ àdúgbò tí Èkó ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó dó. Ní oṣù Kejì, 1863, Kòsọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé pé òun yọ̀ǹda Palma àti Lẹ́kí fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n fún un jẹ́ irínwó pọ́n-ùn lọ́dún. Tí a bá fi dọ́là wọ̀n ọ́n, 1,920 ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tó gbà ní Ẹ̀pẹ́. Owó ẹyọ kò sí nínú ọ̀rọ̀ tirẹ̀ mọ́ rárá. Dòsùnmú tó fún wọn ní odidi Èkó ni wọ́n ṣírò owó rẹ̀ ní ẹyọ. Kòsọ́kọ́ tó fún wọn ní èbúté méjì ni wọ́n ṣírò owó rẹ̀ ní pọ́n-ùn. Ó ṣòro láti wo èyí kí èèyàn má rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ dun ni.

Ẹ̀pẹ́ tó gbà á sílé kò bọ́ nínú ìyà. Lẹ́yìn tí Kòsọ́kọ́ ti kúrò níbẹ̀, Pósù, ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè rẹ̀ tó dúró sẹ́yìn, kò gbà láti tẹrí ba, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì rọ̀jò àgbá lé ìlú náà lórí ní ìbẹ̀rẹ̀ 1863. Ọba tẹ́lẹ̀ náà wà ní Èkó, ní Èrékò, ibi tó ti jẹ Ọlọ́jà nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ouidah dé. Ó rí ikú Ọ̀ṣọ́dì Tápà ní 1868. Ó rí bí Glover, gómìnà tí Èkó ń pè ní Gólóbà, ṣe ń wá ọ̀nà tí òwò yóò fi kọjá láìgba àárín Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú, ọ̀nà ìlà-oòrùn tó bá ọ̀sà lọ dé Àyẹ̀sàn ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, tó sì ti ibẹ̀ gba ilẹ̀ lọ sí Oǹdó. Omi tí Kòsọ́kọ́ fi ń fún Èkó lọ́rùn ní 1854 ni ìjọba fẹ́ fi tú Èkó sílẹ̀ báyìí.

Ó kú ní 1872, wọ́n sì sin ín sí Èrékò. Ní ọdún kejì, Amẹ́ríkà ṣòfin tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè kó fàdákà rẹ̀ wá kí wọ́n fi rọ dọ́là fún un mọ́ gẹ́gẹ́ bí ti tẹ́lẹ̀. Jámánì náà ti dojú kọ wúrà, fàdákà sì bẹ̀rẹ̀ sí í já lulẹ̀ káàkiri ayé, títí ó fi sọ ju ìdajì iye rẹ̀ nù kí ọ̀rúndún náà tó parí. Ní 1880, nígbà tí Èkó wà lábẹ́ Gold Coast, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin pé owó fàdákà ilẹ̀ òkèèrè kì í ṣe owó tí òfin gbà níbẹ̀ mọ́. Ṣílè àti sísì ló gba ipò rẹ̀. Àwọn dọ́là tó kù lọ́wọ́ àwọn èèyàn di ohun tí alágbẹ̀dẹ fàdákà lè yọ́ fún ẹ̀gbà ọwọ́, tàbí ohun tó dákẹ́ sínú ìkòkò. Nígbà yẹn, Kòsọ́kọ́ ti lo ọdún mẹ́jọ nínú ilẹ̀ ní Èrékò.